"Rebuild": ìtumọ̀ rẹ̀, ibi tó ti wá, àti bí a ṣe ń sọ ọ́ ní Yorùbá. Ìbéèrè àti ìdáhùn

Atúmọ̀ èdè ni mí, Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá ni mo sì fi ń jẹun. Lára àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn ń bi mí léèrè jù ni "rebuild" àti àwọn ẹbí rẹ̀: "repair", "renovate", "restore", "reconstruct". Ẹni tó ń kọ́lé ń béèrè, ayálégbé tí wọ́n fún ní nóòtísì ń béèrè, olùkọ́ náà ń béèrè. Mo wá kó ìbéèrè wọn jọ síbí. Àwọn ìdáhùn kan gùn, nítorí ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Àwọn mìíràn kò ju ìlà mélòó kan lọ.

Kí ni "rebuild" gan-an?

Òun ni kí a tún ohun tó ti wó, tó ti jóná, tàbí tí a ti tú palẹ̀ kọ́. Nǹkan náà gbọ́dọ̀ ti dúró rí, kí ó sì ti kúrò ní ìdúró. Bí ògiri bá lanu tí bíríkìlà fi sìmẹ́ǹtì dí i, ìyẹn kì í ṣe "rebuild". Bí a bá fi ọ̀dà tuntun kun ilé, ìyẹn náà kọ́. Ṣùgbọ́n bí òjò òru bá wó fẹ́ǹsì lulẹ̀, tí a gbẹ́ ìpìlẹ̀, tí a to búlọ́ọ̀kù láti ìsàlẹ̀ títí dé òkè, òun gan-an nìyẹn. A tún fẹ́ǹsì kọ́. Orúkọ iṣẹ́ náà ni àtúnkọ́.

Níbo ni ọ̀rọ̀ náà ti wá?

Ìdajì rẹ̀ jẹ́ àlejò, ìdajì rẹ̀ jẹ́ onílé. "Re-" ti inú èdè Látìn wá. Ẹnu àwọn Faransé ló gbà dé England, pàápàá lẹ́yìn ọdún 1066 tí àwọn Norman ṣẹ́gun ibẹ̀, tí èdè wọn di èdè ààfin àti ti kóòtù. "Build" ní tirẹ̀ kò ti òde wá. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, "byldan" ni, láti ara "bold", ilé tí ènìyàn ń gbé. Kò bá "bold" òde òní, ti onígboyà, tan rárá. Gbòǹgbò tó bí i ni èyí tó jẹ mọ́ kí ènìyàn fi ibì kan ṣe ibùgbé. Ara gbòǹgbò yẹn ni "neighbour" náà ti yọ: "neah" ni ìtòsí, "gebur" ni ẹni tó ń gbé, àpapọ̀ wọn sì ni ẹni tó ń gbé nítòsí wa. Àwọn Boer ilẹ̀ South Africa, tí orúkọ wọn túmọ̀ sí àgbẹ̀ ní èdè Dutch, inú ẹbí yìí náà ni wọ́n wà.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ "build" kò bẹ̀rẹ̀ láti ara igi tàbí òkúta. Ibùgbé ló ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti ara igi wà o, òun ló tilẹ̀ gbajúmọ̀ jù láyé ìgbà yẹn: "timbran". Igi ni wọ́n fi ń kọ́lé ní England nígbà náà, nítorí bẹ́ẹ̀ ni "timber" ṣe jẹ́ ilé kí ó tó di igi ìkọ́lé lásán. Ẹ bi ẹni tó bá gbọ́ èdè Jámánì wò: "Zimmer", tó ń jẹ́ yàrá, ọmọ ìyá "timber" ni. Lọ́dọ̀ tiwa, ilẹ̀ pupa ni àwọn bàbá wa pò tí wọ́n fi ṣe ògiri, ìdí nìyẹn tí àgbàlagbà fi ń sọ títí dòní pé òun ń mọ ilé, bí amọ̀kòkò ṣe ń mọ ìkòkò. Kálukú pẹ̀lú ohun tó wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀.

Kí ni "u" ń wá nínú "build" nígbà tí ẹnikẹ́ni kì í pè é?

Àṣẹ́kù ni. "Y" inú "byldan" jẹ́ ohùn "i" tí a fi ẹnu ṣíṣù pè. Ní ìwọ̀ oòrùn England, ohùn náà kò tètè kú, "u" tàbí "ui" ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́. Ní apá ìlà oòrùn, wọ́n ti sọ ọ́ di "i" gbẹrẹfu. Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo ayé wá ń lò gba àkọtọ́ lọ́wọ́ àwọn ti àkọ́kọ́, ó gba ìpè lọ́wọ́ àwọn èkejì. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ṣẹlẹ̀ sí "busy". Ẹni tó bá ń ráhùn pé àkọtọ́ Yorùbá le, kí ó kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ méjì yìí dáadáa.

Iṣẹ́ wo ni "re-" ń ṣe níwájú ọ̀rọ̀?

Iṣẹ́ méjì. Nígbà mìíràn, padà ni, bíi "repay", kí a san án padà. Nígbà mìíràn, tún ni, bíi "rebuild". Gẹ̀ẹ́sì da méjèèjì sínú àpò kan. Yorùbá kò dà wọ́n pọ̀, ìyẹn sì máa ń ran atúmọ̀ èdè lọ́wọ́, nítorí pé yóò ní láti ronú kí ó tó mú ọ̀kan. Kì í sì í ṣe gbogbo "re" tó ṣáájú ọ̀rọ̀ ni "re-" yìí o. "Read", "ready", "red", kò sí tún kankan nínú wọn.

Ní ọgbà mẹkáníìkì, "re-" ti di orúkọ ènìyàn. Ẹni tó ń tún iná mọ́tò ṣe, rìwáyà ni gbogbo wa ń pè é. "Rewire" ni kí a tún wáyà fà. Wọ́n mú ọ̀rọ̀ iṣẹ́, wọ́n fi sọ òṣìṣẹ́ lórúkọ. Mo sọ ọ́ fún rìwáyà tèmi lọ́jọ́ kan pé "tún" ló wà níwájú orúkọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní abájọ, òun kì í ṣe mọ́tò kankan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Lánlọ́ọ̀dù mi kọ lẹ́tà pé òun fẹ́ "renovate". Ṣé ilé fẹ́ wó ni?

Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà kò sọ bẹ́ẹ̀. "Novus" ni tuntun ní èdè Látìn, "renovate" sì ni kí a sọ nǹkan di ọ̀tun. Ilé náà ṣì wà lórí ìdúró. Wọ́n lè pààrọ̀ páànù, kí wọ́n tún táìsì tẹ́, kí wọ́n fa wáyà tuntun, kí wọ́n kun ún. Ìpìlẹ̀ àti ògiri wà níbi tí wọ́n wà.

Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń bà yín lẹ́rù. Èmi náà ti gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ rí ní Ìbàdàn. Ìlà mẹ́ta péré ni: onílé fẹ́ ṣe "renovation", kí gbogbo ayálégbé kó jáde láàárín oṣù mẹ́fà. A kó jáde. Nígbà tí mo gba àdúgbò náà kọjá lẹ́yìn ọdún kan, ọ̀dà ni wọ́n fi kun ògiri iwájú, wọ́n sì pààrọ̀ géètì. Ẹ̀yìn ilé wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀, tòun ti okùn tí ìyàwó mi ń sá aṣọ sí. Owó ilé ti di ìlọ́po méjì. Nítorí náà, ìtumọ̀ inú ìwé atúmọ̀ ni mo sọ fún yín yẹn. Ti inú lẹ́tà onílé, ẹ lọ bi onílé.

Kí wá ni ìyàtọ̀ láàárín "repair", "refurbish", "restore" àti "reconstruct"?

"Repair" ló rọrùn jù: nǹkan bàjẹ́, a tún un ṣe, ó ń ṣiṣẹ́. "Parare" ni kí a pèsè nǹkan sílẹ̀, "reparare" ni kí a tún un pèsè. "Repair" mìíràn tún wà nínú ìwé àtijọ́ tó túmọ̀ sí kí ènìyàn lọ síbì kan. Ìyẹn kì í ṣe ìbátan rẹ̀. Ara "patria", ilẹ̀ baba ẹni, ni ìyẹn ti wá, ibi kan náà tí "repatriate" ti wá.

"Refurbish" ni mo fẹ́ràn jù nínú wọn. "Forbir" ni àwọn Faransé àtijọ́ ń pe kí a nu nǹkan kí ó máa dán, idà àti ihámọ́ra ni wọ́n sì sábà máa ń nù. Ẹ fojú inú wo jagunjagun tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń fi àkísà nu ìpẹtà kúrò lára idà rẹ̀. Lónìí, fóònù ni. Bí ẹ bá dé Computer Village ní Ìkẹjà, ẹ ó rí i lára páálí: "refurbished". Wọ́n ti lò ó rí, wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ti nù ún kí ó lè tún máa dán.

"Restore" ni kí a dá nǹkan padà sí bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe kí a sọ ọ́ di ọ̀tun. Bí àwòrán ìgbàanì bá ní àwọ̀ búlúù, búlúù ni ẹni tó ń "restore" rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá rí, bó tilẹ̀ fẹ́ràn pupa. "Restaurare" ni Látìn rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni "restaurant" ti wá. Ní Paris, ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ọbẹ̀ ẹran olómi tí wọ́n ń tà fún ẹni tí ara rẹ̀ kò le ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, pé yóò dá okun rẹ̀ padà. Láti orí ọbẹ̀ ni orúkọ náà ti kọjá sórí ilé tí wọ́n ti ń tà á. Ẹni tó bá ti jẹ àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì lẹ́yìn àìsàn ibà kò nílò kí n ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Reconstruct" kò dàgbà tó wọn. Ọ̀rúndún kejìdínlógún ló wọ Gẹ̀ẹ́sì. Ó sún mọ́ "rebuild", àmọ́ ó ní ọgbọ́n orí nínú jù ú lọ: kí a wo àjákù, àwòrán àtijọ́, ẹ̀rí tó kù, kí a fi wọ́n to nǹkan padà. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọlọ́pàá fi ń "reconstruct" bí ìjàǹbá ọkọ̀ ṣe ṣẹlẹ̀, láìsí búlọ́ọ̀kù kan lọ́wọ́ wọn.

Ṣé àtúnṣe kò tó fún gbogbo rẹ̀?

Kò tó. Ẹ gbọ́ ìròyìn ní rédíò wò: àtúnṣe òfin, àtúnṣe títì, àtúnṣe ilé ìwé, àtúnṣe ìwé ìròyìn àná. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ń ṣiṣẹ́ ènìyàn mẹ́wàá. Gẹ̀ẹ́sì ń wo bí nǹkan ṣe bàjẹ́ tó kí ó tó yan ọ̀rọ̀. Yorùbá ń wo ohun tí ọwọ́ ń ṣe. Bí ilẹ̀ pupa bá wà lọ́wọ́, à ń tún un mọ. Bí búlọ́ọ̀kù bá ni, à ń tún un kọ́. Bí ó bá jẹ́ sìmẹ́ǹtì lára ògiri, à ń tún un rẹ́. Ọ̀dà, à ń tún un kùn. Táìsì, à ń tún un tẹ́. Àga inú yàrá, à ń tún un tò. Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá fún mi ní "restore" tàbí "rebuild" láti túmọ̀, ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ bi í ni pé, "Kí lẹ fẹ́ fọwọ́ ṣe sí i?" Tí ó bá ti dáhùn, ọ̀rọ̀ Yorùbá ti jáde fúnra rẹ̀ nìyẹn.

"Construct" àti "instruct", ṣé ẹbí ni wọ́n?

Ẹbí ni wọ́n. "Struere" ni kí a to nǹkan léra. "Construct", kí a tò ó jọ. "Destroy", kí a tú ohun tí a tò. "Structure", ohun tó jáde nígbà tí a tò ó tán. "Instruct" wá ni kí a to nǹkan sínú ènìyàn, ìyẹn ni kí a kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́.

Ibí yìí ni mo máa ń dá chalk dúró bí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ. Yorùbá kò bá Látìn pàdé lójú ọ̀nà oko, síbẹ̀ ohun kan náà ló ṣe. À ń kọ́ ilé, à ń kọ́ ọmọ. Ohùn òkè kan náà, fáwẹ̀lì kan náà. Àwọn àgbà rí i, wọ́n sì fi pa òwe: ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Gbogbo adùn òwe yẹn wà nínú kọ́ méjèèjì. Bí ẹ bá túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, ìtumọ̀ yóò dé, adùn yóò kù sẹ́yìn. Mo ti fi "instruct" àti "construct" gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, torí pé wọ́n jọ ní "struct" nínú. Ó dún bí ìwé ìjọba.

Ṣé dandan ni àmì ohùn lórí àtúnkọ́?

Dandan ni. Àtúnkọ́ tí ohùn òkè wà ní ìparí rẹ̀ ni ti ilé. Àtúnkọ tí ìparí rẹ̀ jẹ́ ohùn àárín ni ti ìwé, ohun tí a tún kọ. Ẹ yọ àmì kúrò, ẹ ti da bíríkìlà àti akọ̀wé pọ̀ nìyẹn.

Mo fojú rí i. Ìjọ kan ní kí n bá àwọn túmọ̀ ìwé ìkówójọ wọn sí Yorùbá, torí pé ìjì ti ká òrùlé ilé ìjọsìn wọn lọ, tí ògiri sì wó tẹ̀lé e. "Ètò Àtúnkọ́" ni mo kọ, mo fi àmì sí gbogbo rẹ̀ pátá. Fọ́ǹtì ẹni tó ṣe bánà kò gbé àmì, ó yọ wọ́n dànù, "Eto Atunko" ló gbé kọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ ìkówójọ, bàbá arúgbó kan fà mí lápá. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìwé wo lẹ fẹ́ tún kọ tí yóò ná wa tó báyìí?" Mo ṣàlàyé. Bàbá ní àwọn kò rí ilé nínú ohun tó wà lókè yẹn o, ìwé ni àwọn rí.

Ìlú wo ni kí n fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́?

London. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án ọdún 1666, iná sọ ní ilé Thomas Farriner, oníbúrẹ́dì kan ní Pudding Lane. Afẹ́fẹ́ gbé e, ilé igi ló kún ìgboro, wọ́n sì fara kan ara wọn. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi jó. Nǹkan bí ilé 13,200 ló run, pẹ̀lú ilé ìjọsìn 87 àti kàtídírà St Paul's. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tún ìlú náà kọ́, òfin jáde pé bíríkì tàbí òkúta ni kí wọ́n fi ṣe ògiri. "Timbran" kú sí London nìyẹn, a lè sọ bẹ́ẹ̀.

Christopher Wren ni wọ́n fún ní iṣẹ́ kàtídírà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1675, ó sì gbà wọ́n ní ọdún márùndínlógójì. Ìtàn kan wà tí ìdílé Wren fúnra wọn kọ sílẹ̀. Ó fẹ́ fi àmì sí àárín gbùngbùn ibi tí òrùlé rìbìtì yóò dúró lé, ó wá ní kí lébìrà kan bá òun mú òkúta èyíkéyìí wá láti inú àwókù. Lébìrà mú àjákù òkúta ibojì wá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù lára rẹ̀: "Resurgam". Látìn ni, ó sì túmọ̀ sí: èmi yóò tún dìde. Ẹ wo "re-" níbẹ̀. Lónìí, ọ̀rọ̀ náà wà lókè ní apá gúúsù kàtídírà náà, lábẹ́ ẹyẹ inú ìtàn kan tí wọ́n ní ó máa ń jóná tí ó tún ń jí dìde láti inú eérú. Caius Gabriel Cibber ló gbẹ́ ẹ. Yorùbá kì bá tí wá ẹyẹ lọ. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Kí ló dé tí "Reconstruction" fi ní lẹ́tà ńlá nínú ìtàn Amẹ́ríkà?

Nítorí pé orúkọ àsìkò kan ni, láti 1865 sí 1877. Ogun abẹ́lé wọn parí ní 1865, apá gúúsù tó fẹ́ ya kúrò pàdánù. Ilé àti ojú irin wó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fẹ́ tún ṣe jù ilé lọ: báwo ni àwọn ìpínlẹ̀ yẹn yóò ṣe padà sínú orílẹ̀-èdè, kí sì ni ipò àwọn ènìyàn dúdú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lóko ẹrú? Wọ́n ṣe àtúnṣe sí òfin ìpilẹ̀ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ti 1865 fòpin sí ẹrú, ti 1868 sọ wọ́n di ọmọ ìlú, ti 1870 sọ pé a kò gbọ́dọ̀ torí àwọ̀ gba ìbò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní 1870 yẹn náà ni Hiram Revels láti Mississippi di ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà wọn. Nígbà tó di 1877, wọ́n kó àwọn sójà ìjọba àpapọ̀ kúrò ní gúúsù. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ti tò, àwọn tó ń gba agbára padà bẹ̀rẹ̀ sí í tú u, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rùn-ún ọdún kí ẹ̀tọ́ ìbò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀.

Bí mo bá ń túmọ̀ ìtàn yìí, Àsìkò Àtúntò ni mo máa ń kọ. Àwọn kan ní Àtúnkọ́ ló yẹ. N kò gbà. Orílẹ̀-èdè kò ní búlọ́ọ̀kù.

Ṣé "reconstruction" ti Gowon ní 1970 jẹ́ ọ̀kan náà?

Ọ̀rọ̀ kan náà, ìtàn ọ̀tọ̀. Nígbà tí ogun Biafra parí ní oṣù kìíní ọdún 1970, Ọ̀gágun Yakubu Gowon kéde ètò tí àwọn ènìyàn ń fi "R" mẹ́ta pè: "reconciliation", "rehabilitation", "reconstruction". "Re-" ló bẹ̀rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní Yorùbá, mo máa ń sọ pé ìlàjà, ìmúbọ̀sípò àti àtúnkọ́. Níbí, àtúnkọ́ tọ́, nítorí pé afárá, títì àti ilé ìwé ló wó.

Ẹ tún wo Báǹkì Àgbáyé. Orúkọ tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ ní Bretton Woods, Amẹ́ríkà, ní oṣù keje ọdún 1944 ni "International Bank for Reconstruction and Development". Àwa tó wà ní Áfíríkà rò pé tìtorí wa ni, ṣùgbọ́n Yúróòpù tí ogun ń fọ́ lọ́wọ́ ni wọ́n ń rò nígbà tí wọ́n fi "Reconstruction" ṣíwájú. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n kọ́kọ́ yá lówó, mílíọ̀nù 250 dọ́là, ní 1947.

Bí ilé bá ti wó pátápátá, ṣé a ṣì lè "restore" rẹ̀?

Rárá, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ń korò. Ìlójo Bar wà ní Tinúbú Square ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kọ́ ní 1855 ní àṣà àwọn Àgùdà, ọmọ wa tó ti Brazil padà wálé, pẹ̀lú àwọn ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tó rí rìbìtì lókè. Ní 1956, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní gbogbo ọdún tó fi ń gbó, tí ògiri rẹ̀ ń lanu, "restore" ni ọ̀rọ̀ tó yẹ ẹ́: ògiri náà wà, igi rẹ̀ wà, ọwọ́ àwọn tó kọ́ ọ wà lára rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe níbẹ̀ kò ju "reconstruct" lọ, kí ó wo fọ́tò kó kọ́ èyí tó jọ ọ́.

Ẹ fi wé Notre-Dame ní Paris. Nígbà tí iná jó o ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹrin ọdún 2019, òrùlé àti ilé ṣóńṣó orí rẹ̀ wó, ṣùgbọ́n ògiri àti ilé ìṣọ́ méjèèjì dúró. Ìdí nìyẹn tí a fi lè sọ pé wọ́n "rebuild" ṣóńṣó náà, wọ́n sì "restore" kàtídírà. Wọ́n tún un ṣí ní oṣù kejìlá ọdún 2024.

Bí wọ́n bá wá lọ kọ́ ọ síbòmíràn ńkọ́?

Gẹ̀ẹ́sì ṣì lè pè é ní "rebuild". Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ: tẹ̀dó. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé di ahoro ní nǹkan bí ọdún 1830 sí 1839, Aláàfin Àtìbà kò padà lọ gbé ògiri rẹ̀ dìde. Ó wá sí Àgọ́ Ọ̀jà, ó tẹ Ọ̀yọ́ dó síbẹ̀. Ilẹ̀ yí padà, orúkọ àti oyè kò yí padà. Tí ẹ bá fi "tún Ọ̀yọ́ kọ́" túmọ̀ ìyẹn, ẹni tó ń kà á yóò rò pé ibi àtijọ́ ni wọ́n padà sí.

Báwo ni mo ṣe máa sọ "rebuild trust"? "Rebuild my life"?

Ẹ má kọ́ ìgbẹ́kẹ̀lé o. Ẹni tí a ti já kulẹ̀, à ń wá bí yóò ṣe tún fọkàn tán wa. Ẹni tí ayé rẹ̀ dàrú, ó ń tún ayé ara rẹ̀ tò, tàbí ó ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀tun. Kóòṣì tó bá ń "rebuild" ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù, ikọ̀ ló ń tún tò. Ikọ̀ tí èmi ń wò lọ́jọ́ Sátidé ti ń tún ara rẹ̀ tò fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá báyìí. Ẹ má bi mí ní orúkọ wọn.

Kí ni Bíbélì lò?

Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 máa ń sọ "build again" níbi tí àwọn tuntun ń sọ "rebuild". Ẹ fi Gálátíà 2:18 wé ara wọn. Ní ìwé Nehemáyà, odi Jerúsálẹ́mù ni wọ́n ń mọ, ọjọ́ méjìléláàádọ́ta ni wọ́n sì fi parí rẹ̀. Ohun kan tún wà tí àwọn oníwàásù wa kì í sábà kíyè sí: "edify". "Aedificare" ni kí a kọ́lé ní Látìn. Yorùbá fi gbé ró túmọ̀ rẹ̀, pé ìfẹ́ ní í gbé ni ró, bí ìgbà tí a ń gbé òpó dìde. Ẹni tó túmọ̀ ibẹ̀ mọ iṣẹ́.

"Rebuilt" ni àbí "rebuilded"?

"Rebuilt". "Builded" wà nínú Bíbélì àtijọ́, Nóà "builded an altar", ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń sọ ọ́ mọ́.

Mo fẹ́ kọ "building and renovation" sára pátákó iṣẹ́ mi ní Yorùbá. Kí ni kí n kọ?

Ẹ má wá orúkọ gbọọrọ bíi "ilé iṣẹ́ ìkọ́lé àti ìsọdọ̀tun ilé". Kò sí ẹni tó máa kà á tán látinú ọkọ̀ tó ń lọ. Ẹ kọ ohun tí ẹ ń ṣe: "À ń kọ́lé. À ń sọ ilé àtijọ́ di tuntun." Kí àmì ohùn òkè wà lórí kọ́, kí nọ́ńbà fóònù sì tóbi.